Veikko Ṣubú, Ó Ní Kò Sí Nǹkan

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Oulu, lápá àríwá ilẹ̀ Finland, òtútù kì í lé kẹ̀kẹ́ ológeere wọlé. Bí òjò dídì bá bo ilẹ̀ dé orókùn, kẹ̀kẹ́ á ṣì máa lọ. Ọmọ ilé ìwé ń gùn ún, ìyá ọlọ́mọ ń gùn ún, arúgbó tí irun rẹ̀ ti funfun bí ilẹ̀ tó ń tẹ̀ náà ń gùn ún. Àlejò tó bá rí wa á la ẹnu sílẹ̀. Àwa kì í la tiwa, torí atẹ́gùn tútù ò ní pẹ́ kó síbẹ̀.

Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ń fi kẹ̀kẹ́ yangàn bíi Veikko Haapakoski. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi ni, ọkùnrin gíga kan báyìí, aláwàdà, tí kì í sọ̀rọ̀ méjì kó má fi ẹ̀fẹ̀ sí ọ̀kan. Láti kékeré ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ lórí yìnyín. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ akoto fún un, á fọwọ́ gbá fìlà onírun àgùntàn tó dé sórí, á ní, "Akoto tèmi rèé. Ìyá mi ló hun ún."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, Tuulikki ìyàwó rẹ̀ dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó di ife kọfí mú. Òjò ti rọ̀ lánàá, òjò olómi gan-an, torí ojú ọjọ́ ṣàdédé móoru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òtútù ti padà dé, gbogbo omi tó wà nílẹ̀ sì ti di yìnyín. Òjò dídì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wá bọ́ lé e lórí, bí ẹni ku ìyẹ̀fun sórí dígí.

Tuulikki ní, "Veikko, wá wo ìta."

"Mo ti wò ó. Ó rẹwà."

"Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ yìnyín ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ṣé o ti pààrọ̀ táyà ẹ?"

Táyà oníṣó ló ń sọ, èyí tí wọ́n to irin ṣóńṣó kéékèèké sí lára kó lè máa di yìnyín mú. Tuulikki ti pààrọ̀ tirẹ̀ látìgbà tí àwọn igi ti wọ́wé. Ti Veikko ṣì so rọ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀ tí a ń kó kẹ̀kẹ́ sí.

Veikko ní, "Ìgbà òtútù ò tíì dé. Ó wulẹ̀ ń kanlẹ̀kùn ni."

"Wọ bọ́ọ̀sì lónìí, jọ̀ọ́."

"Kí n wọ bọ́ọ̀sì? Kí àwọn ọmọ kíláàsì mi rí mi? Wọ́n á ní olùkọ́ àwọn ti darúgbó!"

"Irọ́ wo ni wọ́n pa níbẹ̀?"

"Ìyàwó mi, èmi àti yìnyín jọ dàgbà ni. A ti mọ ìwà ara wa."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Òun ò mọ̀ ẹ́ rí."

Veikko bú sẹ́rìn-ín. Tuulikki na oògùn rẹ̀ sí i, èyí tí dókítà ní kó máa lò torí ọkàn rẹ̀ tí kì í lù déédéé, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú iṣan rẹ̀. Ó gbé e mì, ó mu kọfí lé e, ó já búrẹ́dì dúdú sẹ́nu, ó bọ́ síta.

Ìta dákẹ́ rọ́rọ́. Oòrùn ò tíì yọ, ojú ọ̀run sì dúdú mọ́ búlúù. Iná òpópónà tàn sórí òjò dídì náà, gbogbo ilẹ̀ ń dán bí ẹni da wúrà lẹ́búlẹ́bú sí i. Èéfín tútù ń rú lójú odò. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá lọ ní méjì, ní mẹ́ta, iná pupa ẹ̀yìn wọn ń jò gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Veikko fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé inú òun dùn lọ́jọ́ náà débi pé òun ń súfèé.

Ó dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, tó sì ṣẹ́ kọ́nà sápá òsì. Ó rí i pé eré òun ti pọ̀ jù. Inú kọ́nà yẹn gan-an ló ti fa bíréèkì iwájú.

Táyà iwájú yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ bí ọṣẹ. Kẹ̀kẹ́ gba ọ̀tún lọ, Veikko gba òsì. Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ gbá etí kọnkéré, gbì!

Obìnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn sáré wá, òun náà ń yọ̀ gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"Bàbá, ẹ má dìde! Ẹ jókòó ná!"

Veikko ti dìde. "Kò sí nǹkan. Mo kàn fẹ́ wo yìnyín náà dáadáa ni."

"Ẹ fi orí gbá kọnkéré. Mo gbọ́ ọ!"

"Orí mi le ju kọnkéré lọ. Ẹ bi ìyàwó mi."

"Ẹ jẹ́ kí n pe ẹnì kan fún yín."

"Kò sí nǹkan, mo ní. Ẹ ṣeun. Ẹ mú ajá yín lọ, òtútù ń mú un lẹ́sẹ̀."

Ó gbọn ara rẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ dìde, ó gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin náà dúró, ó ń wò ó lọ, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Àmọ́ kí ló tún kù tó lè ṣe?

Ní yàrá iṣẹ́ igi, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Veikko díẹ̀díẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan, òtútù ni. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, ó na ọwọ́ sí àwọn irinṣẹ́ tó wà lára ògiri, ó ní, "Ẹ bá mi mú... ẹ bá mi mú..." Ó dúró. "Ẹ bá mi mú èyí tó máa ń jẹ igi yẹn."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ayùn ni àbí ikán?" Veikko náà rẹ́rìn-ín. Ta ló máa rò pé kì í ṣe àwàdà? Ayùn tó ti ń lò láti ọjọ́ tó ti dáyé ni orúkọ rẹ̀ sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tó máa padà sílé, kò gun kẹ̀kẹ́ náà mọ́, ó ń tì í bọ̀. Ní oṣù yẹn, ìrọ̀lẹ́ wa kì í gùn, ilẹ̀ ti ṣú. Tuulikki ti dé láti ilé ìkàwé tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gbé ọbẹ̀ ẹja kaná. Ó rí i pé aṣọ ọkọ òun ya léjìká.

"Veikko! O ṣubú!"

"Yìnyín dì mọ́ mi ni. Ó pẹ́ tá a ti ríra."

"Ibo lo fi gbálẹ̀?"

"Èjìká." Kò fẹ́ kí ó bá òun wí. "Ilona ti pè?"

Ilona ni ọmọ wọn tó ń gbé nílùú Tampere. Tuulikki ní, "Ó pè lọ́sàn-án. Ara wọn le."

Veikko jókòó, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó gbàgbé èkejì. Ó pẹ́ díẹ̀. "Ilona ti pè?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ ni."

"Ó dáa." Ó wo iná ààrò. "Ilona ńkọ́, ó ti pè?"

Tuulikki fi ṣíbí lu ìkòkò. "Veikko Haapakoski, mi ò ráyè eré lónìí o! Wá jẹun."

Ọbẹ̀ dé iwájú rẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dìde, ó bì ní ibi ìfọwọ́. Ó ní ẹja tí wọ́n fún àwọn jẹ níléèwé ni kò dáa. Ó ní kí ìyàwó òun jẹ́ kí òun sùn díẹ̀. Tuulikki tẹ́ ẹ sórí àga gígùn, ó da aṣọ bò ó. Ẹni tó rẹ̀ ni, oorun á wò ó sàn. Ohun tí gbogbo wa ì bá rò nìyẹn.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ẹnì kan fi kanlẹ̀kùn. Saimi Lukkarila ni, aládùúgbò wọn lókè, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera ló bá wá. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun pààrọ̀ àkókò tí wọ́n máa lo sáúnà ilé náà ni, yàrá gbígbóná tí a ti ń fi ooru wẹ̀, torí àlejò ń bọ̀ wá bá a.

Tuulikki ní, "Ẹ lo tiwa lónìí. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò lè wọ sáúnà kankan. Ó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, ó bì lẹ́ẹ̀kan, ó wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè kan náà ló ń bi mí ṣáá!"

Ẹ̀rín tó wà lójú Saimi kúrò níbẹ̀. "Ìbéèrè kan náà?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n náà. Ó fẹ́ràn àwàdà."

"Ṣé ó fi orí gbálẹ̀?"

"Ó ní èjìká ni."

Saimi kò bọ́ bàtà. Níbi tiwa, ẹni tó bá wọlé onílé láìbọ́ bàtà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ọ̀rọ̀. Tuulikki tẹ̀ lé e kíákíá.

Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Veikko, ẹ dákun, ẹ lajú. Oṣù wo la wà yìí?"

Veikko lajú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọdé. "Oṣù kẹfà. Ẹ ò rí oòrùn? Kò fẹ́ wọ̀."

Ní oṣù kẹfà, oòrùn wa kì í fẹ́ wọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ lójú fèrèsé tí òkùnkùn dì mọ́, kò sí oòrùn kankan.

"Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún mi."

Ọwọ́ òsì lọ sókè. Ọ̀tún gbéra díẹ̀, ó padà wálẹ̀. Saimi ṣí fìlà tí kò tíì ṣí látàárọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó fọwọ́ yẹ irun rẹ̀ wò. Lókè etí òsì, ibẹ̀ wú bí ẹyin. Ó tan iná fóònù rẹ̀ sí ojú méjèèjì. Ọmọlójú ọ̀kan kéré bó ṣe yẹ, èkejì fẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ṣí sílẹ̀.

"Oògùn wo ló ń lò?"

"Ti ọkàn. Èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì."

Saimi ti ń tẹ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ohùn rẹ̀ ò yí padà, àmọ́ ó ń yára. Bó ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ ló ń sọ fún Tuulikki, "Ẹ má fún un lómi. Ẹ má fún un lóògùn orí fífọ́. Ẹ di orí ẹ̀ mú kó má yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀. Bó bá tún fẹ́ bì, a jọ máa yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni."

"Saimi, mo fẹ́ jẹ́ kó sùn ni o."

"Mo mọ̀. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀."

Tuulikki di orí ọkọ rẹ̀ mú láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń sọ ohunkóhun tó bá wá sí i lẹ́nu: ẹja, Ilona, òjò àná. Ṣùgbọ́n ojú Veikko ń pa dé, ó ń ṣí, ó tún ń pa dé, títí áńbúláǹsì fi dé.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ tààrà fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà kan tó ń jẹ́ Pirhonen dúró díẹ̀ kó lè fi àwòrán náà han Tuulikki. Agbárí hàn lójú rẹ̀ bí òrùka funfun. Nínú rẹ̀ ni ọpọlọ wà, aláwọ̀ eérú, ó lọ́ mọ́ra bí ìgbà tí odò bá ń yí kiri lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, nǹkan kan tó rí bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ti wọ àárín egungun àti ọpọlọ, ó sì ń ti ọpọlọ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn," ni dókítà wí. "Láàárọ̀, bóyá kò ju ẹ̀kán omi lọ. Oògùn tó ń lò ò jẹ́ kó dá, ló bá ń jò jẹ́jẹ́ látàárọ̀. Agbárí ò lè fẹ̀, nítorí náà ọpọlọ ló ń yẹra fún un. Ká ní ẹ jẹ́ kó sùn títí di ọ̀la, kì bá tí jí. Ẹ jẹ́ n lọ."

Dókítà lọ. Tuulikki nìkan ló kù níwájú àwòrán náà, kò sì lè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ ba òun. Ìyanu ló kọ́kọ́ ṣe òun. Nǹkan yìí, tí kò tóbi ju ẹ̀ṣẹ́ méjì tí a kó pọ̀ lọ, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, inú rẹ̀ ni gbogbo Veikko wà? Inú rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ wà, àti ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n bí Ilona, àti bí a ṣe ń fi ọwọ́ mọ igi tó ti gbẹ yàtọ̀ sí èyí tó ṣì tutù? Ẹlẹ́dàá kó gbogbo ìyẹn sínú àwo egungun kan, ó gbé e lé ọrùn, ọmọ aráyé wá gbé e gun kẹ̀kẹ́ lórí yìnyín, pẹ̀lú fìlà onírun àgùntàn.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà kúrò. Fún ọjọ́ mélòó kan, Veikko kàn sùn ni, ẹ̀rọ ń bá a mí. Ilona ti dé láti Tampere. Nígbà tó wá lajú, ó wo ọmọ rẹ̀, omi jáde lójú rẹ̀. Ó wo Tuulikki. Gbogbo wọn rí i pé ó ń wá orúkọ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, iwájú orí rẹ̀ ń sún kì. Orúkọ ò wá.

"Ilé," ó sọ níkẹyìn. Ó tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀. "Ilé."

Tuulikki dì mọ́ ọn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni."

Ìwòsàn pẹ́. Olùkọ́ tó ń kọ́ni lọ́rọ̀ sísọ ń wá, ó ń fi àwòrán hàn án, Veikko sì ń pe ṣíbí ní ẹja, ó ń pe ẹja ní àtẹ̀gùn. Tó bá ṣi orúkọ pè tó sì mọ̀, á fìbínú lu tábìlì. Tó bá ṣi í pè tí ó pa á lẹ́rìn-ín, Tuulikki á dúpẹ́ nínú ara rẹ̀, torí ẹ̀rín yẹn ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún kọ́ bí a ṣe ń di ife mú. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sọ́dọ̀ wa, tí ojúmọ́ ń gùn sí i, ọ̀rọ̀ náà ń padà bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan ni kò padà. Lọ́jọ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá iṣẹ́ tirẹ̀ nísàlẹ̀ ilé, ó mú pákó igi páìnì olóje kan, ó fá a. Ó gbé fáfá rẹ̀, ìyẹn igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bọ́ lára pákó náà, símú. Ó tún fá òmíràn. Nígbà tí Tuulikki dé bá a, fáfá ti kún ilẹ̀ yí i ká.

"Tuulikki, igi yìí ti kú."

"Kí ló dé?"

"Kò ní òórùn."

Tuulikki gbóòórùn rẹ̀. Gbogbo yàrá náà ló ń ta sánsán. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí i pé àwàdà kọ́.

Saimi ló sọ̀ kalẹ̀ wá ṣàlàyé fún wọn níbẹ̀. Iṣan òórùn fẹ́lẹ́ bí òwú aláǹtakùn, inú ihò tín-ń-tín nínú egungun ló gbà wọlé. Nígbà tí orí gbá ilẹ̀, ọpọlọ mì, àwọn òwú náà sì já. Wọ́n máa ń so padà fún ẹlòmíràn. Fún ẹlòmíràn, ó tán.

"Kọfí náà?" Veikko béèrè.

"Kọfí náà."

"Èéfín igi sáúnà?"

Saimi mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Veikko wolẹ̀ títí. Tuulikki bẹ̀rẹ̀, ó bu fáfá nílẹ̀ sọ́wọ́, ó gbé e símú ara rẹ̀, ó ní, "Gbọ́. Ó dà bí ìgbà tí òjò bá dá nínú igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó dùn díẹ̀, ó sì ta díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Oje rẹ̀ wà níbẹ̀." Veikko dijú, ó ń gbọ́ òórùn náà létí.

Nígbà tí dókítà ní ara rẹ̀ ti le tó láti gun kẹ̀kẹ́ padà, ìjà ńlá bẹ́.

Tuulikki ní, "Láéláé! Màá kọ́kọ́ dáná sun kẹ̀kẹ́ yẹn."

"Wàá sun tìẹ náà?"

"Tèmi ṣe kí ni?"

"Ìwọ náà ń gùn ún lórí yìnyín kan náà. Kí ló dé tí yìnyín ò gbé ẹ ṣubú?"

Saimi wà níbẹ̀, ó ń mu kọfí. Ó ní, "Veikko, ìbéèrè yẹn dáa. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín dáhùn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí ni mo mọ̀, èmi ò mọ ti táyà tó o."

Tuulikki fa àga sún mọ́ ọkọ rẹ̀. Ó wá ní, "Yìnyín ti gbé mi rí. Mo ti ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà, ìwọ lo ò mọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà mí. Mo máa ń wọ táyà oníṣó kí yìnyín tó dé, kì í ṣe tó bá dé tán. Mo máa ń tú atẹ́gùn inú ẹ̀ díẹ̀ kó lè fẹ̀ sílẹ̀. Mo máa ń rẹ ìjókòó wálẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi lè tètè tólẹ̀. Mi ò kì í fa bíréèkì nínú kọ́nà. Mo máa ń dín eré kù kí n tó débẹ̀, ti ẹ̀yìn ni mo sì ń fà, jẹ́jẹ́. Ibi tí òjò dídì tuntun bá ti bo ilẹ̀ dán mọ́rán, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń fura, torí ó lè jẹ́ pé aṣọ ni yìnyín da bora. Mo sì ń dé akoto, o kàn máa ń fi mí rẹ́rìn-ín ni."

Veikko wò ó. "Gbogbo ìyẹn ló wà lọ́kàn ẹ láàárọ̀ tó o ń gùn lọ sílé ìkàwé?"

"Lójoojúmọ́."

"Èmi rò pé o kàn ń pẹ́ ni."

Saimi rẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da kọfí nù. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ife sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ṣíṣubú nìkan kọ́ ló fẹ́ pa yín, Veikko. Gbólóhùn yín ni. 'Kò sí nǹkan.' Ẹ sọ ọ́ fún obìnrin alájá, ẹ sọ ọ́ níléèwé, ẹ wá fi èjìká bo orí mọ́lẹ̀ fún ìyàwó yín. Ẹni tó ń lo irú oògùn yín, bó bá ti fi orí gbá nǹkan, kó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà máa kọrin. Ẹ̀jẹ̀ inú orí kì í pariwo."

Veikko ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí Tuulikki bá òun lọ ra akoto, torí òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn orí.

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, a rí wọn láàárọ̀ kan lójú ọ̀nà tó gba etí òkun. Òtútù mú gan-an lọ́jọ́ náà. Òkun ti dì títí lọ dé ibi tí ojú kò tó mọ́. Ojú ọ̀run pọ́n bí ẹ̀yinná, ó sì tan àwọ̀ rẹ̀ sórí yìnyín, débi tí a ò mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí àti ibi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Eruku yìnyín ń fò lọ́fúrufú, ó ń dán. Kẹ̀kẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà, táyà oníṣó ń dún ṣárá-ṣárá lábẹ́ wọn. Àwa tí a bí síbẹ̀, tí a ti rí irú ẹ̀ láìmọye ìgbà, a dín eré kù ká lè wò ó.

Tuulikki ló wà níwájú. Níbi tí ọ̀nà ti da gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ síbi afárá kékeré, atẹ́gùn ti gbá òjò dídì kúrò, yìnyín ìhòòhò ló kù, ó ń dán bí omi. Ọ̀dọ́ kan gùn ún kọjá fìrí. A wo Veikko.

Veikko fa bíréèkì ẹ̀yìn jẹ́jẹ́. Ó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin tí kò wọ bọ́ọ̀sì torí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn gba etí ọ̀nà, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo wa, ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ gbé bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó yíjú sí wa, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ o!" ó kígbe. "Yìnyín rèé o! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

A sọ̀ kalẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, Tuulikki ló ní ká sọ ìtàn náà fún ọ, ó sì ní ká má fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Dé akoto tó bá orí rẹ mu, kí o so ó dáadáa, lójoojúmọ́ tí o bá gun kẹ̀kẹ́. Èyí tó bá ti gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pààrọ̀ rẹ̀. Wọ táyà oníṣó kí yìnyín tó dé. Tan iná níwájú àti lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá ń kọ ọ́ lóminú, sọ̀ kalẹ̀ kí o rìn. Bí yìnyín kò bá sí níbi tí o wà, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, iyanrìn wà lójú ọ̀dà, epo ọkọ̀ wà nílẹ̀ lẹ́yìn òjò, gbogbo wọn ló mọ bí a ṣe ń gbé èèyàn ṣubú.

Bí o bá ṣubú, tí orí rẹ sì gbá nǹkan, má gun kẹ̀kẹ́ náà lọ. Sọ òótọ́ fún ẹnì kan. Jẹ́ kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì. Bí orí fífọ́ bá ń le sí i, bí o bá ń bì, bí oorun ṣàdédé ń gbé ọ lọ, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń ṣàárẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ń dàrú tàbí ìbéèrè kan náà ń tún jáde, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ má rò pé eré ni, kó pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Bí o bá sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, má dúró de àmì kankan. Lọ.

A lè rí ẹni tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Orí kan ṣoṣo ni wọ́n fún oníkálukú, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ta òmíràn.